Koríko òkun nínú táńkì gíláàsì: ẹ má fi owó ọjà dán an wò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ẹja àrọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ koríko ni, koríko tó ń hù nísàlẹ̀ òkun, tí àwọn kan ti ń gbìn sínú táńkì gíláàsì ní pálọ̀ báyìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó Ikoyi létí yín. Ṣùgbọ́n ó ti dé Ketu o, ó ti dé ọ̀dọ̀ onítòmátì wa, owó gidi sì ti bá a lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àǹtí wa kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12 pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù. Ilé wa ò jìnnà síra, ní ọ̀nà Ikosi níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó lọ síbi ẹja yín. Koríko mi ń jẹrà." Mo ní koríko wo? Ṣebí mo mọ̀ pé àǹtí ò ní oko. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo bá táńkì gíláàsì ńlá kan ní pálọ̀, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí ẹ̀, omi inú ẹ̀ ti funfun bí omidùn, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ sì gba gbogbo ilé. Koríko inú ẹ̀ ti rọ̀, bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ló ń já. Ó ní ẹnì kan ló tà á fún òun pé koríko òkun ni, pé kí òun ṣáà máa bu iyọ̀ sómi, pé tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, òun á ti máa gé e tà fún àwọn tó ń sin ẹja òkun ní Lekki. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fi rà á. Ó ṣírò ẹ̀ fún mi bí ọlọ́jà ṣe ń ṣírò: owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́jọ ló wọlé síbẹ̀, ká má tíì sọ ti epo jẹnẹrétọ̀.

Mo fa koríko náà kan yọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Koríko odò ni! Irú èyí tó ń hù nínú omi tí kò níyọ̀, tí ewé ẹ̀ gùn pẹlẹbẹ bíi ríbọ́nù. Lóòótọ́, ó jọ koríko òkun lójú ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó fi sínú iyọ̀, ó fi sínú iyọ̀, koríko bá kú. Ẹ̀bi koríko kọ́, ẹ̀bi àǹtí náà sì kọ́ pátápátá.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbin koríko òkun o. Ohun tó wù mí láti máa wò ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó ìgbádùn ni kí èèyàn fi ṣe é, owó tí èèyàn lè pàdánù kó sì tún sùn dáadáa. Kì í ṣe owó ọjà. Ẹni tó bá sì sọ fún ìyá onítòmátì pé òwò oṣù mẹ́ta ni, olúwarẹ̀ ò sọ òótọ́. N ó ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kó má dà bí ìlara.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan náà gan-an. Ewé òkun tí omi máa ń gbá sí etí bèbè yàtọ̀ sí koríko òkun. Ewé òkun ò ní gbòǹgbò, ńṣe ló ń di òkúta mú, ara ẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ láti inú omi. Koríko òkun ní tiẹ̀ ní gbòǹgbò, ó ní ewé, ó ń tanná lábẹ́ omi, ó sì ń so èso. Irú ẹ̀ tó wà láyé tó bíi 60 sí 70. Koríko là ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ̀lẹ́bí àgbàdo tàbí ìrẹsì. Ìrìn ẹ̀ nìkan ló jọ ti koríko bàhámà tá a máa ń gbìn síwájú ilé: ó ní okùn kan lábẹ́ ilẹ̀ tó ń nà lọ gbọọrọ, tó ń ju gbòǹgbò sísàlẹ̀, tó ń ta ewé sókè. Ẹni tó bá ti rí atalẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí, ó pọ̀ ní etíkun Mauritania, níbi tí wọ́n ń pè ní Banc d'Arguin, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1989. Ó wà ní Senegal náà, lágbègbè Joal. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ti máa ń sá pamọ́ kó tó dàgbà, ìjàpá òkun sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe koríko yẹpẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹja, irú ibi bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́ ọmọ ẹja dàgbà fún apẹja. Àmọ́ ibi tó wúlò sí nìyẹn, nínú òkun. Ìgbà tó bá wọ pálọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ohun àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Àǹtí ra iyọ̀ oníke tá a fi ń se ọbẹ̀, ó ń fi ṣíbí bù ú sómi. Ẹ̀yin èèyàn mi, iyọ̀ ọbẹ̀ kì í ṣe omi òkun. Nínú gíráàmù 100 iyọ̀ tó wà nínú òkun, bíi 85 péré ló jẹ́ irú èyí tó wà nínú ìkòkò wa. Èyí tó kù, magnesium wà níbẹ̀, calcium wà níbẹ̀, potassium náà wà níbẹ̀, àtàwọn mìíràn, koríko sì nílò wọn bí ẹ̀fọ́ yín ṣe nílò ju yúríà nìkan lọ. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì pò fún táńkì ẹja òkun wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti òkè òkun ló ń wá, dọ́là ló sì ń tẹ̀ lé. Lítà omi kan ń gba bíi gíráàmù 35. Táńkì lítà 200 á gba kílò méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ omi, ẹ óò tún bu òmíràn.

Ẹnì kan á ní ṣebí òkun ò jìnnà, ẹ jẹ́ ká lọ pọn ọ́n. Ó ṣeé ṣe. Lítà 200 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́jọ. Ẹ rò ó wò, láti etí òkun Lekki dé Ketu, pẹ̀lú gòósóló wa. Àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé omi Agboyi tó wà nítòsí wa yìí lè ṣe é. Rárá o. Nígbà òjò, odò Ògùn á tú omi ẹ̀ sínú ọ̀sà, omi ọ̀sà á wá di omi tí kò níyọ̀ rárá láwọn ibì kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún rá wọlé, iyọ̀ á lé. Omi tí iyọ̀ ẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ báyẹn ò ṣeé fọkàn tán fún táńkì, ká má tíì sọ ìdọ̀tí tá à ń dà sínú ẹ̀ lójoojúmọ́.

Nǹkan kan wà níbí tó máa ń pa koríko àti ẹja àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Tí omi táńkì bá fà, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀. Omi ló ń gbẹ lọ sókè, iyọ̀ kì í bá a lọ. Àwọn ará Ada ní Ghana mọ èyí dénú: oòrùn á gbẹ omi ọ̀sà Songor, iyọ̀ á kù sílẹ̀, wọ́n á kó o. Tẹ́ ẹ bá wá ń fi omi iyọ̀ kún omi iyọ̀ tó ti fà, lóṣù kan ẹ ti ń se iyọ̀ ní pálọ̀ nìyẹn. Àǹtí wa ń fi ṣíbí iyọ̀ kún un lójoojúmọ́! Mo fi refractometer mi wò ó, ìyẹn ohun èlò kékeré tá a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ó ti kọjá ti òkun fíìfíì. Ẹni tí ò bá ní ohun ìwọn yìí, kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣé èèyàn lè ta gààrí láìní kóńgò ni?

Iyanrìn ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ àgbẹ̀. Nínú táńkì àǹtí, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ni wọ́n dà sísàlẹ̀, kò ga ju ìka méjì lọ. Ìyẹn dà bí ẹni gbin ẹ̀fọ́ sórí kọnkéré. Koríko òkun fẹ́ iyanrìn kíkúnná, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí okùn ẹ̀ lè rìn, kí gbòǹgbò ẹ̀ lè wọlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn máa ń fi ẹrẹ̀ òkun díẹ̀ sábẹ́, torí iyanrìn tá a fọ̀ mọ́ tónítóní ò ní oúnjẹ kankan nínú.

Àṣìṣe ńlá kejì nìyí. Nígbà tí koríko ò ṣe dáadáa, àǹtí da NPK sínú omi. Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, algae bo gíláàsì, ó bo ewé koríko, ìmọ́lẹ̀ ò ráyè wọlé mọ́. Koríko òkun ń fi ewé fa oúnjẹ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀ ló fún un láǹfààní lórí algae. Nítorí náà ilẹ̀ là ń bọ́, a kì í bọ́ omi. Ẹ fi oúnjẹ sábẹ́ iyanrìn nítòsí gbòǹgbò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi òkè mọ́. Ká sọ tòótọ́, ohun tí táńkì kékeré yìí kọ́ mi nìyí tí mo fi dẹ́kun dída ajílẹ̀ káàkiri ojú ebè ẹ̀fọ́ mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́ ni mò ń fi sí báyìí, mo sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Koríko tí mò ń fa ti dín kù.

Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ńkọ́? Abẹ́ iyanrìn inú omi ò ní atẹ́gùn. Nǹkan tó bá jẹrà níbẹ̀ á máa tú èéfín olóòórùn yẹn jáde, májèlé sì ni fún gbòǹgbò. Koríko tó wà láàyè ní ọgbọ́n tó ń ta sí i: ó ń gba inú ara ẹ̀ gbé atẹ́gùn láti ewé lọ sí gbòǹgbò, díẹ̀ á jò jáde sínú iyanrìn, á sì pa agbára májèlé yẹn. Ìrẹsì àbàtà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré, atẹ́gùn á kéré, májèlé á borí. Iná ò sí ló fa gbòǹgbò tó kú.

Ẹ sì ti mọ ọ̀rọ̀ iná lọ́dọ̀ wa. Koríko yìí fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó le fún bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́, ìmọ́lẹ̀ funfun tó jọ ti oòrùn, kì í ṣe ti búlúù nìkan tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹja dán lójú. Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ óò fi jẹnẹrétọ̀ gbin koríko ni? Sólà lè ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní owó sólà àti bátìrì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹja àrọ̀ mi ni màá kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Oore kan tí Èkó ṣe wá ni ti ooru: àwọn òyìnbó máa ń ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, àwa ò nílò ẹ̀. Tiwa ni kí pálọ̀ má gbóná jù, pàápàá tí fèrèsé bá dojú kọ oòrùn ọ̀sán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà, èyí tí wọ́n fi mú àǹtí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ti ń tà á. Ẹja àrọ̀, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Koríko òkun tẹ́ ẹ bá gbìn lónìí, ó ṣeé ṣe kí ewé ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ̀ dànù lọ́sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kó dà bí ẹni pé ó ti kú, kó tó wá ta òmíràn. Ẹni tí ò ní sùúrù á fà á tu láti wo gbòǹgbò ẹ̀, ó parí nìyẹn. Oṣù lè gorí oṣù kó tó tàn kálẹ̀ débi tẹ́ ẹ lè gé nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ rà á? Àwọn tó ní táńkì omi òkun nílùú yìí ò pọ̀ bí àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò. Ó sì ń kú lójú ọ̀nà tí omi ẹ̀ bá gbóná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí tọ́ọ̀lù tòmátì tó rà lójú ọ̀nà láti òkè Ọya, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí ẹnì kan bá sì gbé e wá bá yín, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ohun ọ̀gbìn tútù tó bá wá láti òkè òkun, NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò ní ẹnubodè, ló ń fún un ní ìwé àṣẹ, orílẹ̀-èdè tó ti wá náà á sì fún un ní ìwé pé kò ní àrùn. Ẹni tí ò ní ìwé kankan, bóyá fàyàwọ́ ló fi kó o wọlé, bóyá koríko odò ló sì gbé wá. Kó tó gba owó, ẹ ní kó fi sínú omi tí iyọ̀ ẹ̀ pé gíráàmù 35 fún ọ̀sẹ̀ méjì níṣojú yín, lábẹ́ iná. Koríko odò ò ní lè dúró.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó bí mi nínú ju ti owó lọ. Àǹtí ti ń wá ọmọ tó máa bá òun da gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà, koríko àti omi. Mo ní kó dúró ná. Ọ̀pọ̀ gọ́tà wa ní Ketu àti Ikosi, odò Agboyi ni wọ́n ń sàn lọ, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sí ọ̀sà. Àwọn àgbà tó wà nídìí ọkọ̀ ojú omi nígbà yẹn rántí 1984. Ọdún yẹn ni water hyacinth, ewéko òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, gba ojú omi Benin wọ Badagry. Títí dòní ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja lórí ọ̀sà, LASWA ń kó o, ó tún ń padà wá, iyọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń bá wa pa á díẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ọdún 1984 yẹn kan náà ni wọ́n rí ewé òkun kan tí wọ́n ń pè ní Caulerpa taxifolia nínú òkun Monaco, lábẹ́ ilé táńkì ẹja ńlá tó wà níbẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ inú táńkì ni. Kò ju ilẹ̀ mítà kan níbùú lóòró lọ nígbà yẹn. Kí ogún ọdún tó pé, ó ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, ó sì ń bo koríko òkun ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti inú táńkì o!

Nítorí náà, a fi aṣọ sẹ́ omi náà, a kó koríko tó kù jáde, a sá a sórí páànù títí tó fi gbẹ tó ń ró pàkàpàkà, ká tó sin ín. Omi iyọ̀ yẹn, ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́ tàbí sẹ́bàá kànga o, ilẹ̀ á bàjẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí tó ṣì wù ú, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táńkì kékeré kan, omi iyọ̀ àti iyanrìn nìkan, kó má fi koríko sí i fún oṣù méjì. Kó máa wọn iyọ̀ láràárọ̀. Tí ìwọ̀n náà ò bá yẹ̀ fún oṣù méjì, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó lè máa wá koríko.

Táńkì àǹtí ṣì wà ní pálọ̀. A fọ iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a da òkúta aláwọ̀ yẹn nù, a fi iyanrìn sí i. Ọmọ epìyà mẹ́fà ló wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú koríko odò díẹ̀, omi lásán ni. Ẹni tó ta koríko fún un kì í gbé fóònù mọ́. Àǹtí ti padà sí ìsọ̀ ẹ̀, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ méjì-méjì ló ń rà báyìí, ó ní títí àjọ òun á fi tún yípo.